Ọ̀tunla Ni Ìnṣọ́ránsì Bẹ̀rẹ̀

Ní ẹ̀ṣẹ́ kẹta ni imú Brock kán. Garrett gbọ́ ìró rẹ̀ bí igi gbígbẹ, ó sì rí i tí ẹ̀jẹ̀ tú yàà sí àyà ọmọkùnrin náà. Ó yẹ kó dúró, kò dúró. Ó tún kan án lẹ́ẹ̀kan sí i, ní àgbọ̀n, Brock sì fi ẹ̀yìn lélẹ̀ nínú koríko gbígbẹ àti ìgbẹ́ màlúù, ó ń ta ẹsẹ̀ bí adìyẹ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dú.

Àwọn ọkùnrin tó rọ̀ mọ́ ọ̀pá irin agbo náà hó yèè. Ilé gbàǹjo àtijọ́ tó wà lẹ́yìn ìlú Carrow, ní ìpínlẹ̀ Nebraska, ni wọ́n wà. Wọ́n ti ń ta màlúù níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ kí ọjà náà tó kó lọ sí ìlú ńlá. Nísinsìnyí kò sí màlúù mọ́. Lọ́sàn-án Sátidé, ọmọ ènìyàn ni Duane Pruitt, ẹni tó ni ilé náà, ń kó wọ inú agbo.

"Garrett Dietz!" Pruitt gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè. "Ẹ wo ọwọ́ ọmọ yìí! Ọwọ́ kọ́ nìyí, òòlù ni!" Ó ki owó bọ̀ ọ́ lápò, ẹgbẹ̀rún kan dọ́là.

"Ọ̀gbẹ́ni Pruitt, ṣé ara Brock á yá báyìí?" Garrett béèrè, ó ń mí hẹlẹ.

"Kí ló fẹ́ ṣe é? Ọmọdé ni, eegun rẹ̀ á so. Ìwọ lọ fi yìnyín sí ọwọ́ rẹ. Harlan Voss ń dúró dè ọ́ níparí oṣù, ìlọ́po méjì sì lowó ibẹ̀."

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni Garrett. Kì í ṣe ọmọ ìta rárá. Ó ń ja ìjàkadì fún ilé ìwé wọn, ó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì máa ń bá ìyá rẹ̀ fọ abọ́. Bí ẹ bá bi í léèrè ohun tó gbé e dénú ìgbẹ́ màlúù, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni yóò fi dá yín lóhùn: ìnṣọ́ránsì.

Kápẹ́ńtà òrùlé ni bàbá rẹ̀, Lyle. Ara rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ fún, kò sí iléeṣẹ́ kankan tó ń bá a san owó ìlera. Noreen, ìyá rẹ̀, ń dáná nílé àwọn arúgbó, ṣùgbọ́n wákàtí iṣẹ́ tí wọ́n fún un kò tó èyí tí wọ́n fi ń fún ènìyàn ní adójútòfò ìlera. Fún ọdún pípẹ́, kò sẹ́ni tó fẹ́ tà á fún Noreen pàápàá, nítorí àtọ̀gbẹ tó wà lára rẹ̀. Ìgbà tí ìjọba tún òfin ìlera ṣe ni ilẹ̀kùn ṣí. Wọn ò gbọ́dọ̀ lé aláìsàn padà mọ́, ìjọba sì ń bá àwọn tí owó wọn kò tó nǹkan san lára rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ìwé wọn dé, Lyle gbé ìyàwó rẹ̀ yípo nínú ilé ìdáná títí obìnrin náà fi ní òyì ń kọ́ òun.

Ṣùgbọ́n òfin náà ní ààlà. Ẹni tí owó tó rí lọ́dún bá ti ré ààlà yẹn kọjá, òun nìkan ni yóò ru ẹrù rẹ̀. Ní oṣù Kẹfà, òjò yìnyín kan rọ̀ ní Carrow, ọ̀kọ̀ọ̀kan tó ẹyin adìyẹ, ó sì fọ́ òrùlé gbogbo àdúgbò. Lyle kan òrùlé láti òwúrọ̀ ṣúlẹ̀, ó ń súfèé, ó rò pé Ọlọ́run ti rántí òun. Òjò tó rọ owó sí i lọ́wọ́ náà ló sì gbá a kọjá ààlà. Nígbà tí ọdún yí, ìjọba yọ ọwọ́, iye tí wọ́n ní kí ìdílé náà máa san lóṣù sì ju owó ilé wọn lọ.

"Ká san tìrẹ àti ti Garrett," Lyle sọ nídìí oúnjẹ. "Ẹ yọ tèmi kúrò. Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń gun òrùlé, ṣé ẹ gbọ́ ọ rí pé mo jábọ́?"

"Gbogbo ẹni tó jábọ́ ló sọ bẹ́ẹ̀ kó tó jábọ́," Noreen dá a lóhùn.

"Ìwọ obìnrin yìí, ṣé èpè lò ń ṣẹ́ fún mi ni?"

"Ojú ọjọ́ ni mo ń sọ. Wo ìta, gbogbo òrùlé ìlú yìí ló ń yọ̀."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Garrett ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò ọjọ́. Nígbà òtútù nìkan ni wọ́n máa ń ṣí ilẹ̀kùn àtira adójútòfò náà. Bí oṣù Kìíní bá ti dé ìdajì, wọ́n á tì í, ẹni tí kò bá sì tíì wọlé, ó di ọdún mìíràn. Ọdún kan gbáko ni bàbá rẹ̀ yóò fi máa gun òrùlé láìsí ohun tó lè dì mú bó bá jábọ́. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Pruitt wá dúró tì í lẹ́yìn ìdíje ìjàkadì, tó ní ọwọ́ tó ń gba ife lásán lè gba owó.

Bí Garrett ṣe wọnú agbo nìyẹn. Ó gbé owó tó gbà lórí ìjà Brock fún ìyá rẹ̀, ó ní ibi tí wọ́n ti ń lọ oúnjẹ ẹran ọ̀sìn ni òun ti ń ru àpò ní ọjọ́ Sátidé, pé òun ti ń kó owó náà jọ. Noreen tẹ àwọn onínṣọ́ránsì láago lọ́jọ́ kejì, ó ní kí wọ́n fi ọkọ òun kún un. Wọ́n gbà. Wọ́n ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejì ni yóò bẹ̀rẹ̀.

Lyle Dietz kì í ṣe ẹni tí ọpẹ́ yá lẹ́nu. Àmọ́ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ó dìde lórí àga, ó gbé ọwọ́ lé orí ọmọ rẹ̀.

"O ṣé o, ọmọ mi. Bàbá tèmi ò rí irú èyí gbà lọ́wọ́ mi kó tó kú."

"Kò tó ọpẹ́, Dádì."

"Jẹ́ n wo ọwọ́ rẹ. Háà! Ṣé àpò oúnjẹ ẹran ló bó ọ báyìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Dádì. Àpò náà le bí igi."

Irọ́ náà jáde lẹ́nu rẹ̀ geere, kò tilẹ̀ kọsẹ̀. Ojú tì í débi pé kò lè wo abọ́ tó wà níwájú rẹ̀.

Nílé ìwé, Brock ń fi ọ̀pá ìfàmu tẹ́ẹ́rẹ́ fa ọbẹ̀ mu. Àgbọ̀n rẹ̀ ti wọ́ sápá kan. Bàbá rẹ̀ ní owó dókítà kò sí, kó lọ dì í ní aṣọ, yóò so fúnra rẹ̀. Ó ti ń so lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń so wọ́. Garrett ti ń yà fún un láti ọjọ́ náà, àmọ́ lọ́jọ́ kan Brock wá jókòó tì í.

"Ṣé wọ́n san owó náà fún ọ?" Brock béèrè. Ọ̀rọ̀ kò dá lẹ́nu rẹ̀.

"Wọ́n san án."

"Kí lo wá fi ṣe?"

"Mo fi ra ìnṣọ́ránsì fún bàbá mi."

Brock fẹ́ rẹ́rìn-ín, itọ́ sì dà sí i láyà. "Ó dáa bẹ́ẹ̀," ó wí. "Ò bá kúkú ti ra ọ̀kan mọ́ ọn fún èmi náà."

Ẹni tó ní etí yóò ti gbọ́. Garrett gbọ́, ó sì ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Owó tó san, ti oṣù kan péré ni. Oṣù mẹ́wàá mìíràn ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n sì ya ẹnu bí ẹranko.

Nígbà tó di Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù Kìíní, ọjọ́ ọgbọ̀n, ó padà sí ilé gbàǹjo.

Ibi tí wọ́n ti ń pa màlúù ni Harlan Voss ti ń ṣiṣẹ́. Ó fi ọdún méje ju Garrett lọ, ọrùn rẹ̀ ki, kò sì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ṣẹ́ àkọ́kọ́ tó jù ba Garrett ní ìhà, èémí tán nínú rẹ̀. Ìkejì ba etí, gbogbo ilé sì bẹ̀rẹ̀ sí í hó wììì. Kí ó tó gbé ọwọ́ sókè, Voss ti fi ìgbọ̀nwọ́ la òkè ojú rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì dà bo ojú méjèèjì.

"Harlan, lọ̀ ọ́ kúnná!" ẹnìkan kígbe. "Fi ṣe ẹran ìsọ̀!"

Garrett wó lulẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá irin. Voss ta á nípàá nínú, ó tún ta á. Nígbà náà ni nǹkan kan já nínú ọmọkùnrin náà. Ó di ẹsẹ̀ Voss mú, ó fà á lulẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé ìwé, ó gun àyà rẹ̀, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í lù ú. Kò rí ojú tó ń lù. Ìró rẹ̀ ló ń gbọ́: pọ̀, pọ̀, pọ̀. Kò rántí Brock, kò rántí owó, kò rántí pé òun ní bàbá. Inú rẹ̀ ń dùn. Nígbà tó yá, ìyẹn ló bà á lẹ́rù jù lọ nínú gbogbo rẹ̀, pé inú òun ń dùn.

Ẹnìkan di èjìká rẹ̀ mú látẹ̀yìn. Garrett rò pé ọ̀rẹ́ Voss ni. Ó yí bìrí, ó sì fi gbogbo agbára tó kù lára rẹ̀ kan ẹni náà ní ẹ̀ṣẹ́ lágbọ̀n.

Ìbínú kò mọ̀ pé olúwa òun kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Lyle Dietz ni. Ó ń gun irin agbo náà bọ̀ wá mú ọmọ rẹ̀ ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ṣì há sáàárín ọ̀pá méjì. Ẹ̀ṣẹ́ náà gbé e ṣubú sẹ́yìn, ara lọ, ẹsẹ̀ kò lè lọ. Ó kán lábẹ́ orúnkún. Igbe tí ọkùnrin náà ké pa ariwo ilé gbàǹjo mọ́ àwọn ènìyàn lẹ́nu.

Garrett nu ẹ̀jẹ̀ kúrò lójú, ó sì rí ẹni tó lù.

"Dádì! Yéè! Dádì!"

Nínú ìgbẹ́ màlúù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí bàbá rẹ̀, ìbọ̀wọ́ aláwọ méjì wà nílẹ̀. Ìbọ̀wọ́ tí Lyle fi ń ṣiṣẹ́ ni.

"Mo gbé e lọ fún ọ níbi tó o ti ń ru àpò," Lyle wí, eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn. "Nítorí ọwọ́ rẹ. Wọ́n ní àwọn ò rí ọ rí. Ọmọ kékeré kan ló júwe ibí fún mi."

"Ẹ pe áńbúláǹsì!" Garrett kígbe. "Kí lẹ̀ ń wò? Ẹ pè é!"

"Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ pe áńbúláǹsì!" Bàbá rẹ̀ gbá a létí aṣọ mú. "O mọ iye tí wọ́n ń gbà láti wakọ̀ dé ibí? Gbé mi sẹ́yìn ọkọ̀ mi. Ilé ni kí o gbé mi lọ."

Bí àwọn ará Carrow ṣe rí nìyẹn. Ẹni tí igi wó lù pàápàá á kọ́kọ́ bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n má pe áńbúláǹsì.

Pruitt, tí kò fẹ́ rí ọlọ́pàá sójú, yára ṣí ẹ̀yìn ọkọ̀. Ó fa Garrett sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Fetí sílẹ̀ dáadáa. Ṣé o ní ìnṣọ́ránsì rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kìíní? Ọ̀tunla nìyẹn. Gbé e sílé, fún un ní oògùn orí fífọ́. Tó bá di ọ̀tunla, ẹ lọ sílé ìwòsàn, kó ní òun já láti orí òrùlé. Kápẹ́ńtà òrùlé mà ni. Ta ló fẹ́ jiyàn?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ Garrett létí. Kí ni kò ní wọ̀ ọ́? Owó ilé wà nínú rẹ̀, ọkọ̀ wà nínú rẹ̀, ìtìjú òun fúnra rẹ̀ náà sì wà nínú rẹ̀. Ó wa bàbá rẹ̀ lọ sílé lórí ọ̀nà tí òtútù ti dì gbagidi, gbogbo kòtò tí táyà bá sì ti bọ́ sí, ó ń gbọ́ igbe lẹ́yìn òun.

Lórí àga gígùn nínú pálọ̀, Lyle ki aṣọ ìnura sẹ́nu, ó ń fi eyín fún un. Noreen wà níbi iṣẹ́.

"Ọjọ́ méjì péré," Lyle wí. Òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀ nínú òtútù. "Mo gbọ́ ohun tí ọkùnrin Pruitt yẹn sọ, kò burú. Mo lè fara dà á. Mo ti fara da èyí tó jù ú lọ."

Garrett gé ṣòkòtò rẹ̀. Ẹsẹ̀ náà ti wú, ó tẹ̀ sí ibi tí ẹsẹ̀ kì í tẹ̀ sí. Ó fọwọ́ kan àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, ó tutù nini. Àwọn ọmọ ìka ti ń dúdú bọ̀.

"Dádì, ẹ mi ọmọ ìka yín."

"Mo ń mì í."

Kò mì.

A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Bàbá rẹ̀ gan-an ló máa ń pa òwe yẹn bí òjò bá ń jò sílé ẹni tó ní kí ó dọ̀la. Garrett mú fóònù.

"Gbé e kalẹ̀!" Lyle sọ. "Garrett, mo ní gbé e kalẹ̀. Bó o bá pè wọ́n lónìí, ilé yìí lo tà yẹn."

"Kí ilé lọ, Dádì." Omi ń dà lójú ọmọ náà pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀. "Ilé, ẹ lè kọ́ òmíràn. Bàbá ò ṣeé kàn bí òrùlé."

Ó pe áńbúláǹsì.

Nílé ìwòsàn, obìnrin tó wà nídìí tábìlì bi í léèrè bóyá bàbá rẹ̀ ní ìnṣọ́ránsì.

"Ó ní i, Mà."

"Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?"

Irọ́ wà lẹ́nu rẹ̀, ó ti ṣetán. Garrett gbé e mì. "Ọ̀tunla, Mà."

Obìnrin náà dẹ́kun títẹ̀ kọ̀ǹpútà. Ó gbé ojú sókè wò ó, àánú sì hàn lójú rẹ̀. "Kí ló ṣe é ní ẹsẹ̀?"

"Èmi ni. Èmi ni mo lù ú lulẹ̀. À ń jà nílé gbàǹjo Pruitt, mi ò mọ̀ pé òun ni."

Noreen, tí Garrett ti pè níbi iṣẹ́, ti wọlé nígbà náà, pẹ̀lú aṣọ ìdáná lọ́rùn. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó rìn wá, ó gbá ọmọ rẹ̀ létí lẹ́ẹ̀kan, ó dún gbòà, lẹ́yìn náà ó fà á mọ́ra, ó sì ń sunkún sí i lórí.

"Owó tí mo fọwọ́ ara mi san," ó ń wí. "Ẹ̀jẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ ni mo fi san án!"

Eegun tó kán ló ti gún iṣan ẹ̀jẹ̀. Dókítà sọ pé gbígbé tí wọ́n gbé e kiri lẹ́yìn ọkọ̀ dá kún un, pé bí wọ́n bá ti dúró dìgbà tí ilẹ̀ bá mọ́, gígé ni àwọn ì bá gé ẹsẹ̀ náà. Wọ́n là á, wọ́n so ó, wọ́n fi irin sí i. Ẹsẹ̀ náà kù, ṣùgbọ́n kò ní gun àkàbà mọ́.

Lówùúrọ̀ Mọ́ńdè, Lyle la ojú. Garrett jókòó tì í, ojú rẹ̀ wú, wọ́n ti rán òkè ojú rẹ̀.

"Ọjọ́ wo nìyí?" Lyle béèrè.

"Ọjọ́ kìíní oṣù Kejì, Dádì."

Bàbá náà wo àjà. "Ẹ bá mi yọ̀ o. Mo ti di onínṣọ́ránsì." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà mì í tó bẹ́ẹ̀ tí ẹsẹ̀ fi ń dùn ún, omijé sì ń yí lójú rẹ̀. Garrett kò lè bá a rẹ́rìn-ín. Ó dojú bo ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Ẹ dárí jì mí, Dádì. Mo lù yín."

"Ìyẹn kọ́ ló ń dùn mí," Lyle wí, kò sì rẹ́rìn-ín mọ́. "O ò mọ̀ pé èmi ni. Ohun tó ń dùn mí ni pé mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ nínú ilé mi, mo gbé ọwọ́ lé ọ lórí, o mọ ibi tí owó yẹn ti wá, o sì jẹ́ kí n máa dúpẹ́."

Ẹ̀ṣẹ́ Voss kò dun Garrett tó ìyẹn.

Ẹni tó bá da eérú ni eérú ń tọ̀. Ọlọ́pàá ti ilé gbàǹjo náà pa, wọ́n sì kó Pruitt lọ síwájú adájọ́. Ilé ìwé yọ Garrett kúrò lára àwọn tó ń ja ìjàkadì, adájọ́ sì ní kó máa fi gbogbo ọjọ́ Sátidé rẹ̀ ṣiṣẹ́ ìlú fún ọdún kan. Ó lọ sílé Brock, ó kúnlẹ̀ níwájú ìyá ọmọ náà. Obìnrin náà kò dárí jì í lọ́jọ́ yẹn. Iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ṣe kí ọjọ́ kìíní tó pé, ọrùn ìdílé Dietz ló wà. Wọ́n ta ọkọ̀, wọ́n ta àkàbà, wọ́n ta gbogbo irinṣẹ́ òrùlé, wọ́n sì ń san èyí tó kù díẹ̀díẹ̀.

Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ kìíní yẹn, kò sẹ́ni tó lè sọ fún Lyle pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kán jù láti tọ́jú. Bí òfin ṣe wí nìyẹn, ohun tó dára nínú rẹ̀ kò sì yẹ ká fi pamọ́. Kìkì pé owó ìnṣọ́ránsì gbọ́dọ̀ wọlé lóṣooṣù. Garrett lọ sí ibi tí wọ́n ti ń lọ oúnjẹ ẹran, lóòótọ́ lọ́tẹ̀ yìí, ó ń ru àpò lẹ́yìn ilé ìwé lójoojúmọ́. Noreen náà ń gba iṣẹ́ kún iṣẹ́. Owó àpò rírù kéré, ó sì ń pẹ́ kó tó pé, ṣùgbọ́n ọmọ náà lè gbé e fún ìyá rẹ̀ kó sì wò ó lójú.

Ìfẹ́ òbí kò wẹ ọ̀nà ìbàjẹ́ mọ́, ẹ̀yin ọmọ tó ń ka ìtàn yìí. Ẹ̀ṣẹ́ tí ẹ bá kọ́ láti fi lu ọmọ ẹlòmíràn kò mọ ilé ẹlòmíràn yàtọ̀ sí tiyín. Bí ẹrù ilé bá wúwo, ẹ sọ ọ́ jáde nílé, kí gbogbo ilé jọ gbé e, dípò kí ẹ dá wá owó rẹ̀ lọ síbi tí ẹ kò lè sọ fún ìyá yín. Ohun tí Garrett kọ́ nìyẹn, ó sì san owó ẹ̀kọ́ rẹ̀ gan-an.

Ìbọ̀wọ́ bàbá rẹ̀ ló ń wọ̀ lọ ru àpò. Ó fọ̀ ọ́ títí, àbàwọ́n ìgbẹ́ màlúù kan kò sì kúrò lára èyí tó wà fún ọwọ́ ọ̀tún.